Ìdí Tí Owó Báńkì Fi Ń Fo Obìnrin Kọjá

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣòwò gàrí, epo pupa tàbí àgbàdo ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, nítòsí ibodè Benin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pé kí ló dé tí wọn kì í lọ yáwó ní báńkì, oríṣiríṣi ìdáhùn lẹ ó gbọ́. Àwọn kan á ní òfin ò gbà fún obìnrin àfi tí ọkọ bá fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn á ní báńkì ò ka obìnrin sí. Ọkùnrin tó bá jókòó nítòsí á dá sí i, á ní ojora ló ń ṣe wọ́n, pé obìnrin ò lè gbé gbèsè ńlá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́ rárá. Èkejì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹni tó sọ ọ́ kò tíì jókòó ti obìnrin ọjà kan kó ka iye gbèsè tó ń gbé kiri lóòjọ́. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ló ń fún àwọn balógun ní ohun ìjà ní àwìn nígbà tiẹ̀. Gbèsè kò ṣàjèjì sí obìnrin ilẹ̀ wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé báńkì kì í wo owó tó wà lọ́wọ́ èèyàn kó tó yá a lówó. Ìwé ló ń wò. Ọrọ̀ obìnrin agbègbè wa, láti Ìpókíá dé Ìdí-Ìrókò, títí wọ Ìlaròó àti Ayétòrò, kò sì sí nínú ìwé. Ọjà ló wà, inú àjọ ló wà, ọwọ́ àwọn tó rajà láwìn ló wà, orí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì ń rántí gbogbo rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà tí ẹ̀yáwó ń gbà láti ẹnu ọ̀nà báńkì dé ibi tí owó ti ń jáde, a ó rí ibi tí obìnrin ti ń já bọ́.

Ohun tí báńkì ń wá

Owó tí báńkì ń yáni kì í ṣe tiẹ̀. Owó àwọn tó wá fi owó pamọ́ síbẹ̀ ni, wọ́n sì lè dé nígbàkígbà láti wá gbà á. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò ẹ̀yáwó: ṣé ẹni yìí á rí owó san? Bí kò bá sì san, kí la máa rí mú?

Torí ìbéèrè kìíní ni wọ́n ṣe ń gba àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nínú àkáǹtì fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Torí ìkejì ni wọ́n ṣe ń gba ohun ìdógò, ìyẹn ohun ìní tí báńkì lè tà bí gbèsè bá bàjẹ́, àti onídùúró, ẹni tí yóò san án bí ẹni tó yá a bá sá. Èlé ni àfikún owó tí báńkì ń gbà lé orí owó tó yáni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, CBN, báńkì àgbà ìjọba àpapọ̀, gbé èlé tó fi ń darí gbogbo báńkì yòókù dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí iye tí CBN bá fi lélẹ̀ lásìkò kan ni báńkì oníṣòwò ti ń bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, kó tó wá bu èrè àti ìfòyà lé e.

Gbogbo èyí ń dúró de ẹni tó bá ní àkáǹtì. Ìwádìí Findex tí Báńkì Àgbáyé ṣe ní ọdún 2021 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ọkùnrin ní Nàìjíríà, 55 ló ní àkáǹtì. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 35 ni. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà lápapọ̀, àlàfo tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin lọ́dún yẹn jẹ́ mẹ́fà péré. Tiwa jẹ́ ogún. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ti já bọ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Òwò tí kò wọ ìwé

Ẹ wo obìnrin tó ń ṣe gàrí. Ó ra ẹ̀gẹ́ lóko kí wọ́n tó hú u, ó san díẹ̀ lára owó rẹ̀, ó jẹ olóko ní ìyókù. Ó gba àwọn tí yóò bẹ̀ ẹ́, ó sì ń sanwó fún kálukú ní iye agbọ̀n tó bá bẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dà á sápò, wọ́n fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án nínú agbada lórí iná igi, èéfín á máa fín wọn lójú. Tó bá di ọjọ́ ọjà, oníbàárà láti Èkó tàbí láti Kútọnu á gbé àpò mélòó kan, á san ìdajì, á ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ lòun ó san èyí tó kù. Náírà àti sẹ́fà jọ wà nínú àpò kan náà lábẹ́ ìró.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, obìnrin yìí ti yáwó lọ́wọ́ olóko, ó ti yá oníbàárà lówó, ó ti san owó iṣẹ́, ó sì ti pàrọ̀ owó orílẹ̀-èdè méjì. Ọ̀gá báńkì kan lè má ṣe tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ àkáǹtì rẹ̀ jáde, bó bá tiẹ̀ ní, ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ kò ju owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó nígbà ọdún lọ. Lójú báńkì, obìnrin yìí kò ṣiṣẹ́.

Níbo wá ni owó rẹ̀ ń lọ? Ọ̀dọ̀ alájọ ni. Bó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, ₦30,000 ló máa kó. ₦1,000 ọjọ́ kan ti di ti alájọ. Ẹ kíyè sí i pé kò gba èlé kankan, òun gan-an ló sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó tiẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ló sì fi san án, torí alájọ ń wá bá a nídìí igbá, kò ní kó wọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ìrókò tàbí Ìlaròó lọ tò sórí ìlà.

Èésú yàtọ̀ sí àjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń pe méjèèjì lórúkọ kan náà. Nínú èésú, bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦20,000 lọ́sẹ̀, ẹnìkan á kó ₦200,000 lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí á fi kárí. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yáwó lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án tó kù láìsan èlé. William Bascom, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nílẹ̀ Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èésú ní 1952, ètò ẹ̀yáwó ló sì pè é. Obìnrin tó ti ń dá èésú bọ̀ fún ogún ọdún láìyẹ ọjọ́ ti fi hàn pé òun kì í jẹ gbèsè sá. Ẹ̀rí wo ni báńkì tún ń wá? Àmọ́ ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí náà wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkójọ ìtàn gbèsè àwọn èèyàn fún báńkì, irú CRC, kò ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ àti ohun tó ń jẹ́ ìdógò

Ká ní ó tilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Wọ́n á béèrè ohun ìdógò, ilẹ̀ tàbí ilé ni báńkì sì máa ń fẹ́ jù.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fọwọ́ sí, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní sí-ọ́f-ò, ni báńkì ń fẹ́ rí, gómìnà sì tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dógò. Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù ní agbègbè Yewa, ìwé tó sì wà lórí rẹ̀, bó bá wà, kò ju rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ lọ. Ìyà yìí ń jẹ àwọn ọkùnrin pẹ̀lú, mi ò ní purọ́. Àmọ́ tó bá di pé kí wọ́n kọ rìsíìtì, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n ń kọ.

Àṣìgbọ́ kan wà níbí tó yẹ ká tú. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àṣà Yorùbá kò jẹ́ kí obìnrin jogún ilẹ̀. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ obìnrin. Ọmọ ni ọmọ, ilé ẹjọ́ sì ti sọ ọ́ léraléra láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìní baba rẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Ìyàwó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Nínú ẹjọ́ Súbérù àti Súmọ́nù ní 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà (Federal Supreme Court) sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ pọnmi, tó bá a ra sìmẹ́ǹtì, tó fi owó gàrí ọdún mẹ́wàá kan páànù lé ilé náà lórí, bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ ló ni ilé. Ẹni tó ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù bọ́ lọ́wọ́ èyí, torí òfin mìíràn ló de ìgbéyàwó tirẹ̀. Àmọ́ mélòó nínú àwọn ìyá wa ló ṣe kọ́ọ̀tù? Obìnrin wá ń gbé lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń mójú tó, tàbí lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò jogún. Kò sí èyí tó lè gbé lọ sí báńkì nínú méjèèjì.

Ìjọba ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì ronú kàn án dáadáa. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin kan tó jẹ́ kí èèyàn lè fi ohun ìní tó ṣeé gbé kiri dógò: ẹ̀rọ, ọkọ̀, ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àní owó tí oníbàárà jẹ ẹ́ pàápàá. CBN sì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi irú ohun ìdógò bẹ́ẹ̀ sí, kí ẹnìkan má bàa fi ẹ̀rọ kan yáwó ní báńkì méjì. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ àtíbàbà nílé gàrí ti tó ohun ìdógò lábẹ́ òfin. Lójú tèmi, òfin yìí bá obìnrin ọjà lára mu ju gbogbo ètò tí wọ́n ti fi ayẹyẹ ṣí lọ, òun náà sì ni a kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni polówó rẹ̀ nínú ọjà. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ta ilé kò tíì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ta ẹ̀rọ gàrí, ló bá kúkú ń béèrè ilé.

Ṣé dandan ni kí ọkọ fọwọ́ sí i?

Rárá. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí obìnrin gba àṣẹ ọkọ kó tó yáwó. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 lòdì sí kí wọ́n fi jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin yan èèyàn jẹ.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà gan-an ni àwọn tí a máa ń fojú ọ̀làjú wò. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1965 ni obìnrin tó wà nílé ọkọ tó lè dá ṣí àkáǹtì láìjẹ́ pé ọkọ yọ̀ǹda. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó ní kí báńkì má fi jíjẹ́ obìnrin tàbí wíwà nílé ọkọ du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yáwó, ọdún 1974 ló jáde. Nígbà yẹn, àwọn ìyá wa ti ń ná owó ara wọn láti ọjà dé ọjà láìbi ẹnikẹ́ni, ọkọ ò sì mọ iye tó wà nídìí àpò wọn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ọkọ ṣe wá di ohun tí gbogbo èèyàn gbà gbọ́? Ọ̀dọ̀ onídùúró ló ti wá. Báńkì máa ń fẹ́ onídùúró tó ń gba owó oṣù, tó ní àkáǹtì tó ń gbéra, tó sì lè fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀. Ní ìlú kékeré, ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, aṣọ́bodè. Ọkùnrin ló pọ̀ nínú wọn, èyí tó sì sún mọ́ obìnrin jù nínú wọn ni ọkọ rẹ̀ tàbí àna rẹ̀. Ohun tí òfin ò béèrè, fọ́ọ̀mù béèrè rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

Ojú tí òṣìṣẹ́ fi ń wo obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Brock àti De Haas, dán an wò lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó 334 ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀yáwó kan náà, orúkọ obìnrin lórí òmíràn, orúkọ ọkùnrin lórí òmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò kọ ti obìnrin ju ti ọkùnrin lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n béèrè onídùúró lọ́wọ́ obìnrin ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ju bí wọ́n ṣe béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin lọ, lórí òwò kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ níbẹ̀rẹ̀ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú pé báńkì ò ka obìnrin sí. Ẹnikẹ́ni ò lé e jáde. Wọ́n kàn ní kó lọ mú ẹnìkan wá ni.

Bí ẹnìkan bá sì tún ní obìnrin kì í san gbèsè, ìwádìí ti fi hàn pé irọ́ ni. Ní 2011, D'Espallier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ ẹ̀yáwó kéékèèké 350 wò ní orílẹ̀-èdè 70. Níbi tí obìnrin ti pọ̀ nínú àwọn oníbàárà ni gbèsè tó bàjẹ́ ti kéré.

Gbọ́mú-lé-láńtà

Bí báńkì ńlá bá ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn mìíràn wà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é lọ́jà kò ṣeé gbé sórí pátákó. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni, tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìpilẹ̀ rẹ̀ dára. Ní 1976, Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin abúlé Jobra ní Bangladesh lówó láìgba ohun ìdógò. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ yẹn di Báńkì Grameen ní 1983, Yunus sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2006. Ní Nàìjíríà níbí, Godwin Ehigiamusoe dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀yáwó LAPO sílẹ̀ ní Ogwashi-Uku ní 1987. Ní 1989, ìjọba Babangida dá People's Bank sílẹ̀ fún àwọn aláìní, wọ́n sì fi Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ṣe alága rẹ̀. Báńkì ìjọba yẹn kò pẹ́ títí. Ní 2005, CBN gbé ìlànà kan jáde tó sọ àwọn báńkì àdúgbò di báńkì kéékèèké tí a mọ̀ lónìí.

Ẹgbẹ́ ló rọ́pò ìwé. Àwọn obìnrin kan tó mọra wọn á kó ara wọn jọ, wọ́n á dúró fún ara wọn, bí ẹnìkan kò bá san, àwọn yòókù á san án tàbí kí wọ́n má rí owó tiwọn gbà. Ọgbọ́n èésú gan-an ni, báńkì ló kàn wọ inú rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni ìṣirò èlé. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan yá ₦100,000, wọ́n ní kó máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Àpapọ̀ jẹ́ ₦120,000. Òṣìṣẹ́ á ní èlé rẹ̀ jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, obìnrin náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fi ₦100,000 ṣòwò fún ọ̀sẹ̀ 24, torí láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dá a padà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìdajì rẹ̀ ti lọ, àmọ́ èlé gbogbo rẹ̀ ló ṣì ń san. Ó dà bí ẹni tó háyà ọgọ́rùn-ún àga fún ìnáwó, tó ń dá mẹ́wàá padà lójoojúmọ́, tí ẹni tó ni àga sì ń gba owó ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, ₦1.50 ló ń san lórí ₦100 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn ₦78 lórí ₦100 lọ́dún. Bí wọ́n bá tún yọ ₦10,000 sílẹ̀ ṣáájú pé owó ìpamọ́ ni, ₦90,000 ló gbé lọ sílé, èlé náà sì tún gòkè sí i.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má yá a. Ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń ta gàrí lọ́jọ́ Ẹtì lè jèrè kó san án. Ẹni tó fẹ́ gbin pákí tí yóò tó hú lẹ́yìn ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn ó ti wá kanlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ibodè wá fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè pa. Nígbà tí wọ́n ṣí mẹ́rin lóṣù Kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ, ọjà kò kọjá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ ṣì ń tó san.

Ibi tí àlàfo náà wà gan-an

Ohun tí àwọn èèyàn kì í tètè rí nìyí: ní ti owó kékeré, obìnrin kò ṣaláìrí yá. Àwọn ni báńkì ẹgbẹ́ ń wá kiri. Ìjọba náà ń fún wọn. Ní 2013, CBN ya owó ₦220 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ó ní kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin. Ètò ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n pè ní TraderMoni dé ní 2018 pẹ̀lú ₦10,000. Lọ́hùn-ún ibodè, níbi tí àwọn Ìfọ̀nyìn ẹgbẹ́ wa wà ní ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni, ìjọba Boni Yayi, Ààrẹ Benin nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin ní 30,000 sẹ́fà ní 2007. Ìjọba Talon tó tẹ̀ lé e gbé irú rẹ̀ jáde ní 2020, wọ́n pè é ní Alafia, orí fóònù ni owó náà ń gbà wọlé.

Owó àkàrà nìwọ̀nyí. Owó ẹ̀rọ kọ́. Obìnrin tó ti yá ₦50,000, tó san án, tó yá ₦100,000, tó san án, tó yá ₦300,000, tó tún san án, ó dé ibì kan tí ọ̀nà ti parí. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tirẹ̀ dípò kó máa sanwó nílé ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ó fẹ́ kọ́ ilé ìkógàrí sí tí òjò ò ní wọ̀, ó nílò mílíọ̀nù mẹ́rin tàbí márùn-ún tí yóò san fún ọdún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ò lè dúró fún irú owó yẹn. Ìwé ló kù. Ọkùnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti mú rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ti sọ ọ́ di sí-ọ́f-ò. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti yà, wọ́n á sì ní ọkùnrin ló mọ òwò ńlá ṣe.

Esther Ocloo, ará Gánà, mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ti ń parí. Ṣílè mẹ́wàá ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í se jáàmù ọsàn tà kó tó di onílé-iṣẹ́. Òun ni alága àkọ́kọ́ Women's World Banking, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 láti máa dúró fún obìnrin níwájú báńkì.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má torí alájọ pa àkáǹtì tì. Ẹ lè máa dá àjọ, àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ lára owó tẹ́ ẹ tà gba àkáǹtì kọjá, kódà kẹ́ ẹ tún gbà á jáde nídìí POS lọ́jọ́ kejì. Owó tó wọlé ni báńkì ń kà, kì í ṣe èyí tó sùn síbẹ̀ nìkan. Ẹ ra ìwé ọmọléèwé kan, kí ọmọ yín máa bá yín kọ orúkọ ẹni tó rajà láwìn àti iye tó jẹ. Bí ẹ̀yáwó bá dé, ẹ má béèrè iye èlé. Ẹ béèrè iye tẹ́ ẹ máa gbé lọ sílé àti àpapọ̀ iye tẹ́ ẹ máa san, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ, kó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, kó sì bi báńkì nípa òfin 2017 yẹn.

Ẹ̀yin báńkì, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti wà fún ọdún mẹ́wàá, ìtàn gbèsè ni. Ẹ kà á.

Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin àbúrò ọkọ, bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ pẹ̀lú owó tí ìyàwó bá yín dá sí i, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì. Rìsíìtì olórúkọ méjì kò wọ́n ju olórúkọ kan lọ.